Abúlé Tó Wọ Inú Fáìlì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò tó ń rọ̀ yìí kò ṣetán àtidá, oko kò ṣeé lọ, àgbàdo tí ẹ sun síwájú mi sì ń ta sánsán. Ẹ jẹ́ kí ẹnu máa jẹ, kí etí máa gbọ́. Bí àwọn méjèèjì bá níṣẹ́ lọ́wọ́, ọkàn kì í rí ọ̀nà sá lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò sọ ọ́ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ó tóbi ju ẹnu mi lọ. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá di ọ̀rọ̀ sínú títí ilẹ̀ fi gbà á, ilẹ̀ nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́tàyọ̀, ọmọ Ògúnṣèyẹ tó bá ẹfọ̀n jà létí odò títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ mumi ná. Bàbá mi ló sọ ìyẹn fún mi, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ní ẹlẹ́rìí tó kún abúlé kan. Ẹ wo apá mi bó ti gbẹ. Nígbà náà, bí mo bá gbé ìbọn sókè, ẹyẹ a máa dágbére fún ọmọ rẹ̀. Bí mo bá wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú igbó, ìmàdò a máa ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ pé òun kò ní lè wá mọ́.

Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, ń gbé ní Ìdí-Ìyeyè, abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí Òkè-Apó tí èmi ń gbé. Láwuyì ni ọkọ rẹ̀, ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àyọ̀ká lóyún, oyún náà sì ti gbó. Igbe ọmọ nìkan la ń retí. Mo pa ìgalà kan, mo ní kí n gbé itan rẹ̀ lọ fún un kí ó fi sebẹ̀.

Mo rìn títí mo fi dé ibi tó yẹ kí n ti rí igi ìyeyè ńlá tí wọ́n fi ń pe abúlé náà. Kò sí igi. Kò sí ilé. Kò sí ọgbà ewúrẹ́, kò sí ebè iṣu. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí ẹni pé a fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Mo wá eérú, n kò rí. Mo wá àpáàdì, n kò rí. Ogun a máa fi eérú sílẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn a máa fi òkú sílẹ̀, àgbàrá a máa fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Kí ló mú abúlé lódindi lọ tí kò fi ìyẹ́ adìyẹ kan sílẹ̀?

Mo gbé itan ìgalà sílẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ a máa sunkún. Kì í kàn jẹ́ kí ẹranko rí i ni.

Nígbà tí mo padà délé, Baálẹ̀ wa pè mí síwájú àwọn àgbà. Ó ní, "Ọdẹ́tàyọ̀, ipasẹ̀ ni ọdẹ ń tọ̀. Níbi tí kò sí ipasẹ̀, kí lo fẹ́ tọ̀?"

Mo ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọ àìsí ipasẹ̀ náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi nígbà tí mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Ìgbà tí mo padà dé orí ilẹ̀ títẹ́jú náà ni mo tó rí i pé òótọ́ ló ti ẹnu mi jáde. Láti ìpẹ̀kun ibẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú igbó lọ. Ewé kan kò bọ́ sórí rẹ̀, kòkòrò kan kò gba orí rẹ̀ kọjá, ìrì pàápàá kò sẹ̀ sí i. Ẹni tó kó abúlé lọ ti gba ibẹ̀ kọjá, ó sì nu ẹ̀yìn ara rẹ̀ bó ti ń lọ. Mo so àpò mọ́ èjìká, mo tẹ̀lé e.

Ìlà náà mú mi wọ Igbó Ìdáhùn. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ igbó yìí, ẹ fọwọ́ bo ẹnu yín, nítorí ohun gbogbo tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀ ni igbó ń dá lóhùn, kì í sì í dá a lóhùn bó ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Ebi ń pa mí." Igbó dáhùn pé, "Ebi ń wò ọ́." Mo ní, "Èmi ọmọ Ògúnṣèyẹ ni." Igbó ní, "Ọmọ rẹ̀ wo?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, nítorí bàbá mi bímọ púpọ̀, èmi kọ́ ló sì fẹ́ràn jù. Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹnu mi, mo ń rìn bí ìgbín.

Níbi tí ìlà náà ti gba àárín àpáta méjì kọjá, iwin kan dìde sí mi. Ó ga tó igi àgbọn, kò sí ojú kankan ní orí rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ojú wà, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì ń ṣẹ́jú wò mí. Ojúlọ́wọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní òun yóò lù mí títí n ó fi gbàgbé ọ̀nà ilé mi.

Ṣé ẹ ń bi mí pé ṣé n kò bẹ̀rù? Mo bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti ba ọdẹ, ojú rẹ̀ ló ń mú sí i. Mo ṣàkíyèsí pé bí ó bá ti di ọwọ́ kí ó fi ìkúùkù gbá mi, ojú rẹ̀ á pa dé mọ́ inú ìkúùkù náà, á sì di afọ́jú. Nítorí náà, bó bá ti di ọwọ́, èmi á ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbá afẹ́fẹ́, ó gbá àpáta, ó gbá igi ìrókò. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ojú rẹ̀ tó ti wú.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ìjà ti tán, ó ku àlọ́. Kí ni ohun tó kéré ju ìlú lọ, tí inú rẹ̀ sì gba ìlú?"

Mo ronú. Mo rántí bí mo ṣe máa ń dúró lórí òkè lẹ́yìn ilé wa. Mo ní, "Ojú ni. Bí mo bá dúró lókè, gbogbo Òkè-Apó ló ń wọ ojú mi, ojú mi kì í sì í fẹ̀ sí i."

Ojúlọ́wọ́ ní, "O gba ìlàjì. Ìlàjì tó kù ń bẹ níwájú." Ó sì fà sẹ́yìn fún mi. Ó wá rọ ohùn, ó ní, "Ọba Akójọpamọ́ ló kó àwọn ènìyàn rẹ. Kì í ṣe ìkà. Bí ó bá jẹ́ ìkà, ìbá rọrùn fún ọ."

Mo jáde nínú igbó, mo sì wọ Ìlú Ìpamọ́.

Báwo ni n ó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín? Ìlú náà kò ní ọjà, kò ní ìdáná, kò ní ajá. Gbọ̀ngàn kan ló wà níbẹ̀ tí n kò rí òpin rẹ̀. Pẹpẹ wà lórí pẹpẹ, lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì to àwọn ohun pẹlẹbẹ dúdú kan sí, tí wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n tutù bí òkúta odò. Wọ́n jọ ara wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

"Fáìlì ni wọ́n," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Obìnrin arúgbó kan ni. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ń wò mí, tòsì ń wo ibi kan tí èmi kò lè rí. Ó ní, "Arínúróde ni orúkọ mi, èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ yẹn, ìlú apẹja ni, pẹ̀lú ọ̀sà wọn. Èyí tó wà lókè rẹ̀, òkè kan ni pẹ̀lú gbogbo ọ̀bọ orí rẹ̀. Rọra mí sí wọn."

Ìlàjì àlọ́ Ojúlọ́wọ́ tó kù nìyẹn. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, Ìdí-Ìyeyè ni mo ń wá. Àbúrò mi wà nínú rẹ̀."

Kí ó tó dáhùn, ọba ìlú náà dé. Ọba Akójọpamọ́ rẹwà, ara rẹ̀ ń dán bí epo, ìbànújẹ́ sì wà lójú rẹ̀ bíi ti ẹni tí ọjọ́ ọjà kì í tó fún. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi dé òpin. Ó ní, "N kò jí wọn, mo pa wọ́n mọ́ ni. Mo gba Ìdí-Ìyeyè kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn obìnrin ń pa ẹ̀pà, wọ́n ń kọrin, ọkùnrin kan ń hun aṣọ lábẹ́ igi. Mo ní ohun tó dára tó báyìí kò yẹ kó gbó."

Mo ní, "Kábíyèsí, ohun tí a kò bá jẹ́ kó gbó, a kò jẹ́ kó dàgbà náà nìyẹn."

 Ó ní, "Ẹnu rẹ mú. Jẹ́ kí a wo ọwọ́ rẹ. Bí o bá lè ṣí fáìlì Ìdí-Ìyeyè, kí o wọ̀ ọ́, kí o jáde, kí o sì tì í padà láìfọ́ ohun kan, máa gbé e lọ. Bí ohun kan bá fọ́, ìwọ náà yóò wọ fáìlì, n ó sì gbé ọ sí pẹpẹ àwọn tó gbójú."

Arínúróde mú mi lọ síwájú òkúta dúdú kan tó tẹ́jú bí omi inú kànga. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú ní igun rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí a sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni a to lẹ́tà sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí a lè fi ìka tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí irú rẹ̀ rí, gbogbo irun ara mi ló dìde. Ọpẹ́lọpẹ́ oníwàásù kan tó sùn ní Òkè-Apó rí tó kọ́ mi ní A, B, D.

Ìyá náà ní, "Ìlà kan, àṣẹ kan. Fetí sí mi dáadáa. Ohun tí o bá tẹ̀ ni òkúta yìí yóò ṣe. Kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Kò mọ ojú àánú, kò mọ ojú ìkà."

Mo ní, "Ẹyin lohùn, ìyá mi."

Ó ní, "Bó bá balẹ̀ níbí, abúlé ló ń fọ́."

Ó wá gbé fáìlì Ìdí-Ìyeyè lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbé ẹkùn rí, mo ti gbé òkú ọ̀rẹ́ mi láti inú igbó délé, ṣùgbọ́n n kò gbé ohun tó wúwo lọ́kàn mi tó ohun fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn rí. Àbúrò mi ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀nà kan kò sì sí lára rẹ̀.

Arínúróde ní, "Òkúta yìí kì í wọ inú fáìlì. Díìsìkì nìkan ló mọ̀, èyí tó le bí ilẹ̀ tí a lè kọ́ ìlú sí. Ìdí nìyí tí a fi ní àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn." Ó nawọ́ sí ògiri. Àwọn ilẹ̀kùn tò lọ síbẹ̀, wọn kò sí lára ilé kankan, nọ́ńbà ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí òdo lọ. "Lúùpù là ń pè wọ́n. Bí a bá so fáìlì mọ́ lúùpù, òkúta á wo ilẹ̀kùn, á rí díìsìkì, á sì gbà á bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé a tan òkúta jẹ ni?"

Ó ní, "A kò tàn án. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ díìsìkì, díìsìkì ni. Ṣé ọmọ tí a gbà tọ́ kì í jẹ́ ọmọ ni?"

Ìwàǹwára mú mi. Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ mi jù, Lúùpù Òdo, mo sì tẹ àṣẹ pé kí a so fáìlì mi mọ́ ọn. Òkúta náà kọ̀. Ó kọ ọ́ sójú pé ẹlòmíràn ń lo ilẹ̀kùn yìí. Mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà àti ohùn àwọn apẹja tí wọ́n ń pe ara wọn.

Arínúróde gbá mi lọ́wọ́ bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ tó nawọ́ síná. "Má fọwọ́ ara rẹ yan ilẹ̀kùn mọ́. Bi òkúta léèrè èyí tó ṣófo, òun ló mọ̀."

Mo béèrè. Òkúta dáhùn pé Lúùpù Keje ló ṣófo. Mo so fáìlì mọ́ ọn. Mo dúró, n kò rí nǹkan kan. Mo bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òkùnkùn ni.

Ìyá náà ní, "Ilẹ̀kùn ti mọ fáìlì, ṣùgbọ́n o kò tíì gbé abúlé ka ibì kan. Wá ilẹ̀ tí ohunkóhun kò sí lórí rẹ̀, kí o sọ fún òkúta pé ibẹ̀ ni."

Mo yan àgbàlá òfìfo kan níwájú gbọ̀ngàn. Mo tẹ àṣẹ náà.

Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, bí awọ ẹṣin ṣe ń gbọ̀n nígbà tí eṣinṣin bá bà lé e. Òórùn ló kọ́kọ́ dé: ẹ̀pà díndín, aró, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ìró tẹ̀lé e: odó, ẹkún ọmọ, ìró òfì Láwuyì. Lẹ́yìn náà ni igi ìyeyè jáde, ewé rẹ̀ ló ṣáájú, gbòǹgbò rẹ̀ ló kẹ́yìn, àwọn ilé sì ń yọ yí i ká bí olú lẹ́yìn òjò. Abúlé lódindi dìde láti inú ohun tí mo fi ọwọ́ kan gbé.  Mo kúnlẹ̀, mo sì wà ní ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Arínúróde fi ní kí n dìde, pé ìyàlẹ́nu dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán.

Mo wọ abúlé náà. Àyọ̀ká jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ikùn rẹ̀ ga. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá wa nínú ohun tí kò lórúkọ."

Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ó ní, "Ọmọ yìí kò wá. Kò kú o, ó ń yí. Ìrora á dé, á dé ibì kan, á sì dúró bí ẹni tó kan ògiri. Kì í ṣe èmi nìkan. Adìyẹ ń sàba, ẹyin kò pa. Iṣu tí a gbìn kò hù, kò sì rà. Ẹ wo Láwuyì."

Mo wo Láwuyì nídìí òfì rẹ̀. Ó fi òwú kan kún aṣọ lókè, òwú kan tú nísàlẹ̀. Ó tún fi òmíràn kún un, òmíràn tún tú.  Ó gbójú sókè wò mí, mo sì rí i pé ọkùnrin náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró nítorí kí ìyàwó rẹ̀ má baà sọ̀rètí nù.

Mo rìn dé ẹ̀yìn oko tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ayé wọn ti tán. Ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ bí igbá tí a dé mọ́ èkuru. Ó yé mi. Ọba ti ṣe fáìlì náà ní ìwọ̀n abúlé gẹ́lẹ́. Ó ti kún. Kò sí àyè tí ohun tuntun kan lè gbà sí, ì báà ṣe òwú kan, ì báà ṣe ọmọ.

Mo sáré jáde, mo sì ké sí Arínúróde. Ó ní, "A lè fa fáìlì gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fà á gùn lè gé e kúrú. Bí o bá tẹ iye kan tí o kò sì fi àmì àròpọ̀ síwájú rẹ̀, òkúta á rò pé gbogbo ohun tó yẹ kó kù nìyẹn. Yóò gé ìyókù dà nù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.  Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ni mo ń sọ fún ara mi. Mo fẹ́ tẹ èyí tó kẹ́yìn tí yóò rán àṣẹ náà lọ, ohun kan sì ní kí n tún un wò. Mo tún un wò. Àmì àròpọ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo yọ ọwọ́ bí ẹni tó tẹ ejò. Òógùn bò mí. Mo fi àmì náà síwájú iye, mo kà á, mo tún un kà, mo ní kí ìyá náà bá mi kà á, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Fáìlì náà gùn, a rí i pẹ̀lú ojú wa. Mo sáré padà wọ abúlé. Kò sí ohun tó yí padà. Ojú ọ̀run ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn oko.

Àyọ̀ká ti ń rọbí. Àwọn obìnrin abúlé yí i ká, wọ́n dì í mú. Mo gbọ́ bí ìrora rẹ̀ ṣe dìde, tó sì kan ògiri.

"Ìyá mi, kò ṣiṣẹ́," ni mo wí nígbà tí mo padà dé iwájú òkúta.

Ó ní, "Fáìlì ti gùn, ilẹ̀kùn kò mọ̀. Ìwọ̀n tó rí lọ́jọ́ tí o so ó ló ṣì ń wò. Sọ fún un kó tún wò. Lẹ́yìn náà, sọ fún abúlé kó na ara rẹ̀."

Mo sọ fún Lúùpù Keje kó tún wò. Mo sọ fún abúlé kó na ara rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí bí ojú ọ̀run ṣe gbéra nílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó ń lọ, ó ń lọ, ilẹ̀ tútù ń ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, koríko ń hù bó ti ń lọ. Atẹ́gùn tí kò fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá fẹ́. Ẹyin pa lábẹ́ adìyẹ. Iṣu yọ ọwọ́ lórí ebè. Láwuyì fi òwú kan kún aṣọ, òwú náà dúró. Ó sì gbé orí lé òfì, èjìká rẹ̀ ń mì. Nínú ilé, ìrora Àyọ̀ká dìde, kò rí ògiri kàn mọ́, ọmọ náà sì bọ́ sáyé pẹ̀lú igbe tó gba gbogbo àyè tuntun náà kan.

Mo yíjú, mo rí Ọba Akójọpamọ́ lẹ́yìn mi. Ó ti bọ́ adé, ó gbé e sí abẹ́ apá. Ó ní, "Kí ni ìró yẹn?"

Mo ní, "Ọmọ tuntun ni, Kábíyèsí."

 Ó wẹ̀yìn wo gbọ̀ngàn rẹ̀, pẹpẹ lórí pẹpẹ. Ó ní, "Mo ti ń pa nǹkan mọ́ kí a tó dá odò. N kò gbọ́ ìró yẹn rí." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹnikẹ́ni, ó ń fetí sí ọmọ náà. Nígbà tí ọmọ dákẹ́, ó ní, "Gbé wọn lọ. Má jẹ́ kí n yí èrò mi padà."

Ó wá ku títì. Arínúróde fún mi ní àfọ́kù òkúta dúdú náà, tí lẹ́tà wà lára rẹ̀, tí ó sì ní àwọn ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí n lè rí ohun ṣí abúlé nílé. Ó ní, "Kọ́kọ́ ká abúlé nílẹ̀, kí o tó tú fáìlì kúrò lára lúùpù. Bí o bá fà á yọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní títẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ á ya sí méjì."

Mo tẹ àṣẹ pé kí a ká abúlé. Òkúta kọ̀. Ó ní ẹnìkan ṣì ń lo ibẹ̀. Mo pariwo sí àwọn ará abúlé pé kí ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé. Gbogbo wọn wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òkúta tún kọ̀. Mo bínú, mo ní ajá ta ni, ewúrẹ́ ta ni? Arínúróde wo ilẹ̀. Mo bá a wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ló wà níta pẹ̀lú òkúta. Tòsì wà nínú Ìdí-Ìyeyè, ọwọ́ mi sì wà nínú ọwọ́ ọmọ tí Àyọ̀ká gbé wá dágbére fún mi. Èmi ni ẹni náà. Èmi ni n kò fẹ́ kí ó tì.

Mo ní, "Ìyá mi, kí ni yóò máa ṣe wọ́n nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí àná, kò sí ọ̀la nínú fáìlì tí a tì. Ìwọ nìkan ni ọ̀nà yóò jìn fún."

Mo yọ ọwọ́. Mo yọ ẹsẹ̀. Mo tẹ àṣẹ náà. Ọmọ náà ń yán lápá ìyá rẹ̀, Àyọ̀ká sì la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má..." Abúlé ká nílẹ̀. Mo tú fáìlì kúrò lára Lúùpù Keje, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sí àyà mi.

Ọ̀nà ilé kò jọ ọ̀nà àjò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo tọ̀ lọ ti parẹ́, ewé ti bò ó. Igbó Ìdáhùn gbé mi mì, ó sì pọ̀ mí sí ibi tí n kò mọ̀. Mo bá àwọn aràrá ṣe àgbẹ̀dẹ kí wọ́n tó fi ọ̀nà hàn mí. Mo dé odò kan tó ń ṣàn sókè, mo sì dúró létí rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níbi gbogbo, mo máa ń gbé fáìlì náà sétí. Kò dún. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ mi ti dé orí àfọ́kù òkúta kí n ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì rántí pé bí mo bá ṣí i láàárín ẹranko, àárín ẹranko ni wọn yóò jí sí. Mo wé e padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ má kí ni? Ẹ má gbàgbé wa? Ẹ má bẹ̀rù? Ẹ má wẹ̀yìn? Mo gbé ìbéèrè yẹn sùn, mo gbé e jí, irùngbọ̀n mi sì ń funfun lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Òkè-Apó, Baálẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ kí n tó lọ ti wọ káà ilẹ̀. Àwọn tó jáde wá wò mí kò mọ̀ mí. N kò dá wọn lóhùn. Mo gba orí ilẹ̀ títẹ́jú náà lọ, koríko kò tíì hù níbẹ̀. Mo gbé àfọ́kù òkúta lé itan, mo bi í léèrè ilẹ̀kùn tó ṣófo, mo so fáìlì mọ́ ọn, mo ní ilẹ̀ yìí ni kí ó gbé e kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Òórùn ẹ̀pà dé. Ìró òfì dé. Igi ìyeyè dúró. Ẹnu ọ̀nà sì rèé, Àyọ̀ká dúró síbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ọmọ náà ń yán lápá rẹ̀, ó yán an tán, ó pa ẹnu dé.

"...pẹ́ o," ni Àyọ̀ká wí.

Ó wò mí. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo apá mi. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló da ẹfun sí yín lágbọ̀n?"

Mo ní, "Ọ̀nà ni, àbúrò mi. Gbé ọmọ náà fún mi."

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àyèlàágbé ni a sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tó lè gbé níbi tí àyè kò sí. Àfọ́kù òkúta náà, mo jù ú sí ibú omi kí ẹnikẹ́ni má baà ká abúlé mọ́. Fáìlì náà, mo rì í mọ́lẹ̀; orí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé dòní, ilé wọn, oko wọn, àti àwọn tí wọ́n ti bí láti ìgbà náà. Ẹ má bi mí níbi tí mo rì í sí. Ẹnu mi ti dé ibi tí ẹsẹ̀ mi dé, ó sì jókòó. Bí ẹ bá ń gba Ìdí-Ìyeyè kọjá, tí ẹ sì fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ rọra.